Ẹ̀rọ Ọmọ Mẹ́ta, Pálọ̀ Kan

Bí wọ́n bá sọ fún yín ní Ìfọ́n pé Bùràímọ̀ ará Ìlobù ló jó ẹ̀rọ ilé Màmá Déjọ lọ́jọ́ Kérésìmesì, irọ́ funfun báláú ni wọ́n pa fún yín. Ẹni tó jó o wà láyé, ara ẹ̀ le, ó ń wọ agbádá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń ṣí àga fún un níwájú. Bùràímọ̀ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni wọ́n ń nàka sí, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n má gbé rédíò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun èèyàn wọra. Ẹ jẹ́ ká tú u sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú lè mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí.

Ẹ̀bá títì ni ṣọ́ọ̀bù Bùràímọ̀ wà ní Ìlobù, níbi tí mọ́tò tó ń ti Ìfọ́n bọ̀ ti máa ń dẹwọ́ eré kó tó kọrí sí Òṣogbo. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fáànù, áyọ́ọ̀nù, kò sí èyí tí kì í tún ṣe. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan l'Óṣogbo nígbà kan, àmọ́ aṣọ ni ọ̀gá ọ̀hún ń kó fún un fọ̀, omi ló ń rán an pọn. Bùràímọ̀ ní ṣé inú omi ni rédíò wà ni, ó bá palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Rédíò tó ti kú, tí àwọn èèyàn ń jù sẹ́yìn ilé, ló fi kọ́ ara ẹ̀. Ó ń tú u, ó ń tò ó, iná ń gbé e, ó ń bọ́, títí ọwọ́ ẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, kì í pa á mọ́ra. Bí ẹ bá gbé tẹlifíṣọ̀n tí ẹlòmíì ti bà jẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ èébú ẹni tó bà á jẹ́ kó tó mú tẹ́sítà. Ẹnu ẹ̀ ò dáa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ ohun tó bá ti ọwọ́ ẹ̀ jáde, ó jáde nìyẹn, kì í padà wá.

Ìyàwó ẹ̀ ni Tèmilọlá, ọmọ Ìfọ́n, àbíkẹ́yìn ìyá kan tó ń jẹ́ Rachael, tí gbogbo àdúgbò ń fi orúkọ àkọ́bí ẹ̀ pè ní Màmá Déjọ. Nígbà tí Bùràímọ̀ lọ tọrọ ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni wọ́n kà sí i lọ́rùn kó tó jókòó: ó jẹ́ Mùsùlùmí nínú ilé onígbàgbọ́, ó sì jẹ́ ará Ìlobù. Ti Mùsùlùmí yẹn, wọ́n ní àwọn lè gbàdúrà sí i. Ti Ìlobù ni wọ́n ní kò gba àdúrà. Ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, èyí tí àwọn bàbá fà, tí àwọn ọmọ gbà fà. Adéjọbí, àkọ́bí ilé, béèrè níṣojú ẹ̀ pé ṣé ọkùnrin ti tán ní Ìfọ́n ni. Tèmilọlá ló takú pé òun ò fẹ́ ẹlòmíì. Wọ́n bá fà á fún un, wọ́n fà á bí ẹni fa eyín. Láti ọjọ́ yẹn, "ará Ìlobù yẹn" ni orúkọ Bùràímọ̀ nínú ilé wọn.

Àna sì ni àna. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é, ó gbọ́dọ̀ lọ. Bó bá bá wọn ṣiṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ dárúkọ iye. Bí wọn ò bá ní kó wọlé, ìta ló ń jókòó. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò tó àbúrò ẹ̀. Bùràímọ̀ ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹnu tó ń bú gbogbo ayé ní ṣọ́ọ̀bù, bó bá ti dé Ìfọ́n, a di "ẹ kú ilé, sà," a di "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

Àwọn ọmọ mẹ́ta tó ṣáájú Tèmilọlá ò gbélé. Adéjọbí ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, Rhoda ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, Peter wà l'Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí bàbá wọn kú ni ìdíje bẹ̀rẹ̀. Bí èyí bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá, tọ̀hún á fi èyí tó jù ú lọ ránṣẹ́. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa: ohun tí ọmọ bá fi ránṣẹ́, pálọ̀ ló ń gbé. Wọ́n á fi léèsì bò ó lórí. Àlejò á wọlé, á wò ó, á ní ta ló ṣe èyí. Màmá á dárúkọ ọmọ, àlejò á gbàdúrà fún ọmọ náà, wọ́n á jọ ṣe àmín. Ohun tí ò bá sí ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbàdúrà sí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ìjọ̀gbọ̀n yìí ti wá.

Rhoda fi tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́. Àwòrán yọ, ohùn ò jáde, ṣáá ni, bí ẹni ń da gààrí sínú abọ́. Ó tún fi púlọ́ọ̀gì kan tó ní aago lára ránṣẹ́, èyí tó yẹ kó máa tan gílóòbù ìta bí ilẹ̀ bá ṣú, kó sì máa pa á bí ilẹ̀ bá mọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá mú iná lọ, aago náà á sùn. Bí wọ́n bá dá iná padà, ibi tó sùn sí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí gílóòbù fi ń tàn lọ́sàn-án gangan, tí alẹ́ sì ń dúdú bí ìdí ìkòkò. Peter fi fídíò ránṣẹ́, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan kún un, àpótí funfun kan báyìí tí èèyàn á pàtẹ́wọ́ fún lẹ́ẹ̀mejì, tí iná orí tábìlì tó bá a wá á tàn. Bí wọ́n bá tún pàtẹ́wọ́, á kú. Pàtẹ́wọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ nínú ilé. Iná Amẹ́ríkà ò le tó tiwa, bí ìdajì ni. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún iná ọ̀hún, bí tiwa bá wọ inú ẹ̀, ó jóná nìyẹn. Adéjọbí ní tiẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀, ó sì ra sitẹbiláísà ńlá, àpótí tó ń gbé iná tó rọ̀ sókè, tó ń fa èyí tó le jù wálẹ̀. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ni kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí, òun ò fẹ́ ẹ lẹ́yìnkùlé. Ariwo ẹ̀ ò jẹ́ nǹkan kan. Kí wọ́n ṣáà rí i.

Oníkálukú tún wá ń fi òfin ránṣẹ́. Adéjọbí ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ki púlọ́ọ̀gì ẹlòmíì bọ sitẹbiláísà òun. Rhoda ní iná jẹnẹrétọ̀ Adéjọbí ò gbọ́dọ̀ kan tẹlifíṣọ̀n òun. Peter ní kí àwọn alátùn-únṣe inú igbó má fọwọ́ kan fídíò òun. Gbogbo ẹ̀ wá wà nínú pálọ̀ kan náà, léèsì lórí, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́, àlejò ń gbàdúrà lé wọn lórí.

Nígbà tí Kérésìmesì ọdún yẹn ń sún mọ́lé, Màmá ránṣẹ́ pe Bùràímọ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ wálé pọ̀, èyí tí wọn ò ṣe látìgbà tí wọ́n ti sin bàbá wọn. Peter máa mú kásẹ́ẹ̀tì ìkómọjáde ọmọ ẹ̀ dání, ọmọ tí òun ò tíì fojú rí. Òun fẹ́ jókòó ní pálọ̀ òun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ òun, kí òun rí ojú ọmọ náà, kí gbogbo nǹkan máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má máa pa ìkejì.

Bùràímọ̀ délé, ó sọ fún Tèmilọlá pé, "Ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá jọ ṣiṣẹ́ níṣojú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa fi orúkọ tí bàbá mi sọ mí pè mí."

Ohun tó ń wá nìyẹn. Ó sì mọ ohun tó wà lódì kejì. Bí nǹkan ọ̀hún bá bàjẹ́ sí i lọ́wọ́, Ìfọ́n ò ní gbé rédíò wá fún un mọ́, bẹ́ẹ̀ Ìfọ́n ni ìdajì àwọn tó ń bọ́ ọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀, ó wá ibi tí ohùn ń gbà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ṣáá yẹn fi di èèyàn tó ń ka ìròyìn. Fídíò Peter, àwòrán ẹ̀ ń sáré lọ sókè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó yí ìyẹn náà títí ó fi dúró. Dúdú àti funfun ló yọ, àmọ́ ojú èèyàn hàn níbẹ̀ ketekete. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ wé wáyà, ó ṣe àpótí kan tó ń gé iná wa sí méjì kó tó gbé e fún ẹ̀rọ Amẹ́ríkà. Páànù bisikíìtì àtijọ́ ló fi ṣe ara àpótí ọ̀hún. Kò lẹ́wà, kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kó lẹ́wà.

Pàtẹ́wọ́ ló fún un níṣẹ́ jù. Látìgbà tó ti ń gba iná inú àpótí páànù yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti tàn ká àdúgbò. Ẹgbẹ́ aládùúrà Màmá máa ń wá kọrin lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ sí orin, iná á kú, á tàn, á tún kú. Ìyá kan láàárín wọn ní ẹ̀mí kan ti wọ ilé náà. Ni wọ́n bá dìde sí i, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lé e jáde, ẹ̀mí ọ̀hún wá ń ṣẹ́jú wàràwàrà. Bùràímọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Kò yẹ kí àna rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rán an létí nígbà tó yá. Àmọ́ ẹ̀rín dá lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó rí i pé iná náà ń kú nígbà tẹ́nì kankan ò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó sí pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ṣáà ń tẹ́tí. Iná ìlú rọ̀, sitẹbiláísà ní káù. Iná le díẹ̀, ó tún ní káù. Ló bá di káù-káù, bí ọwọ́ méjì tó pàdé. Iná orí tábìlì kú. Ẹ̀rọ Adéjọbí ló ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ Peter.

Bùràímọ̀ gbé sitẹbiláísà kúrò ní pálọ̀, ó gbé e lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí Màmá ń kó iṣu sí. Ó gbé àpótí páànù tiẹ̀ tì í, ó so ó mọ́ ọn, ó wá fa wáyà gba inú ògiri wá sí pálọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló kàn mọ́ ògiri níbẹ̀. Ó kun ọ̀kan ní pupa, ó ní ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Funfun ni ti Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa. Ó fi súìṣì ńlá kan sí i tí wọ́n lè fi yí láti iná ìlú bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Ti aago Rhoda, ó ní kí Màmá máa fọwọ́ yí i nígbàkígbà tí iná bá dé, kò sóògùn míì. Nígbà tó parí, Màmá dúró láàárín pálọ̀, ó pàtẹ́wọ́, iná tàn. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, fídíò ń yí, iná orí tábìlì ò ṣẹ́jú. Màmá gbàdúrà fún un títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

"Màámi," Bùràímọ̀ ní, "ohun tó wà lọ́dọ̀ iṣu, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣu gbé. Bó bá padà wọ pálọ̀, ogun dé."

Adéjọbí ló kọ́kọ́ dé nínú àwọn ọmọ. Ó wọ pálọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Tẹlifíṣọ̀n Rhoda wà níbẹ̀. Fídíò Peter wà níbẹ̀. Ó ní níbo ni tòun wà. Wọ́n mú un dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó bá sitẹbiláísà ẹ̀ láàárín iṣu àti ìkòkò àlòkù, eruku ọyẹ́ ti bò ó. Ẹ ò lè dá a lẹ́bi pé inú bí i, inú á bí ẹnikẹ́ni. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni kò ṣeé forí jì. Ó ní ará Ìlobù yẹn mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohun òun pamọ́ kí àlejò má baà rí i, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ilẹ̀ náà nìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ààlà kúrò lójú. Màmá sọ ìkìlọ̀ Bùràímọ̀ fún un. Ó ní ṣé àna ló máa wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń to pálọ̀ bàbá òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, nígbà tí gbogbo ilé ti jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Adéjọbí dúró sẹ́yìn. Ó tú sitẹbiláísà ẹ̀ kúrò lára wáyà, ó fi àpótí páànù sílẹ̀ láàárín iṣu, ó gbé tiẹ̀ wá sí pálọ̀, ó ki púlọ́ọ̀gì ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ara ògiri, ó nù ún, ó fi léèsì tuntun bò ó lórí. Ó wá yọ púlọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà méjèèjì kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì pupa tí iná ò dé mọ́, ó kì wọ́n bọ ẹ̀yìn sitẹbiláísà ẹ̀, kí Peter lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń gbé òun dúró. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, lójú tiẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Iná ìlú ò sí lásìkò yẹn, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Màmá tó padà wá mú Bíbélì tó gbàgbé rí i láti ẹnu ọ̀nà, léèsì lọ́wọ́ ẹ̀. Ó mú Bíbélì ẹ̀, ó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́sàn-án, ilé kún. Bùràímọ̀ àti Tèmilọlá dé pẹ̀lú Azeezat, àkọ́bí wọn, àti àwọn àbúrò ẹ̀. Bùràímọ̀ dọ̀bálẹ̀ yíká, wọ́n fún un ní àga lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n gbé ìrẹsì fún un. Kò sẹ́ni tó ní kó wọlé. Àna tí wọn ò pè wọlé, ìta ni tiẹ̀. Ó jókòó, ó ń jẹun.

Peter ki kásẹ́ẹ̀tì bọ fídíò. Wọ́n fi Màmá sí àga iwájú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ yí i ká. Adéjọbí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká apá agbádá, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó bú. Ó yí súìṣì. Inú Bùràímọ̀ ń dùn jẹ́jẹ́ níbi tó wà, ó ń retí igbe ayọ̀ láti inú ilé. Káù ló gbọ́. Láti pálọ̀. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohùn yẹn ò yẹ kó ti ibẹ̀ wá. Ó ju abọ́ sílẹ̀, ó sáré, ó gbàgbé pé àna lòun. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, Pàtẹ́wọ́ ti dún pàá, èéfín ti ń tú jáde lẹ́yìn fídíò, òórùn ike tó ń jó ti gba gbogbo ilé. Ó fa wáyà yọ. Peter fipá fa kásẹ́ẹ̀tì jáde, okùn inú ẹ̀ sì já, ó ń wọ́ tẹ̀lé e yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ìfun adìyẹ. Màmá na ọwọ́ sí i, ó tún fà á padà.

"Mo wí," Adéjọbí ní. "Mo wí pé kí wọ́n má jẹ́ kí ará Ìlobù yìí fọwọ́ kan nǹkan nínú ilé wa."

Bùràímọ̀ wo orí tábìlì. Sitẹbiláísà jókòó síbẹ̀ bí ìyàwó tuntun, púlọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà méjèèjì wà nínú ẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì pupa ṣófo lára ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní. "Ta ló gbé èyí wá síbí?"

Màmá ń wo ilẹ̀.

"Mo ní ta ló gbé e wá?"

"Èmi lò ń bi?" Adéjọbí ní. "Nínú ilé bàbá mi?"

Bàbá àgbàlagbà kan nínú àwọn àlejò mi orí. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ń bá wa jà tẹ́lẹ̀. Iná ló kàn báyìí."

Pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́, torí bí kò bá sí ẹ̀rín yẹn, bóyá Bùràímọ̀ á jáde lọ jẹ́jẹ́. Tèmilọlá ti kúnlẹ̀ síwájú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ ẹni tó ni ín. Rhoda, tó ṣáà fẹ́ kó parí, ní kí Bàbá Azeezat dọ̀bálẹ̀ kó bẹ̀ wọ́n, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gígùn ṣe lọ́jọ́ ọdún.

"Mo dọ̀bálẹ̀ nígbà tí mo wá tọrọ ọmọ yín," Bùràímọ̀ ní. "Ìyẹn tọ́ sí yín. Èyí ò tọ́ sí yín." Ó wá yíjú sí Adéjọbí. "Ẹ̀rọ yín wà láàárín iṣu, kò jó nǹkan kan. Ẹ gbé e wá kó wá gba àdúrà. Ó ti gbà á."

Ilé dàrú. Ẹnì kan tì í láyà, fìlà ẹ̀ já bọ́, ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ó bú àkọ́bí, wọ́n ní ó bú òkú bàbá wọn, wọ́n tún rántí ẹ̀rín tó rín àwọn aládùúrà. Bùràímọ̀ ò bá wọn jà. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó gbé àpótí páànù ẹ̀ láàárín iṣu, ó gba àárín pálọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó. Orí ìkúnlẹ̀ ló fi Tèmilọlá sí.

Kí ọdún tuntun tó dé, ọ̀rọ̀ ti lọ yíká Ìfọ́n, ó ti kọjá dé Ẹ̀rìn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyí: ará Ìlobù kan fi ọgbọ́n wọ ilé opó, ó jó gbogbo ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ẹ̀ fi ránṣẹ́, ó tún kó tiẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọn ò gbé iṣẹ́ wá, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n wá kó. Ọkùnrin kan láti Ìfọ́n gba rédíò ẹ̀ ní títú, ó ní kí Bùràímọ̀ da àwọn sukúrù tó jẹ́ ìdè ẹ̀ sínú ọ̀rá, òun á wá ẹlòmíì tó máa dè é. Ó ní òun ò bínú o, òun kàn ń ṣọ́ra ni. Bùràímọ̀ bú u dé ìdí òpó iná, ìyẹn náà sì di ìtàn tí wọ́n ń sọ.

Tèmilọlá ní kó jẹ́ kí àwọn jọ lọ bẹ Adéjọbí kó tó padà s'Ékòó. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe Bùràímọ̀ ló jó o, ẹ̀bẹ̀ ṣáà ni, ẹ̀bẹ̀ kì í yọ èèyàn lójú. Bùràímọ̀ ní òun á jẹ gààrí láìfi ṣúgà sí i kí òun tó bẹ alárékérekè. "Àwọn ọmọ ẹ ńkọ́?" Tèmilọlá bi í. "Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn á bá ẹ jẹ ẹ́?" Látìgbà yẹn, bí oúnjẹ bá jinná, á gbé e síwájú ẹ̀, á kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti wá. Fídíò tó jóná ṣì wà ní pálọ̀ Ìfọ́n, léèsì lórí, àlejò ṣì ń gbàdúrà fún Peter.

Ṣọ́ọ̀bù ti dá wáí, Bùràímọ̀ sì ti ń rò ó bóyá kí òun kó lọ sí Òṣogbo, níbi tẹ́nì kankan ò mọ òun, nígbà tí Màmá Déjọ fẹsẹ̀ rìn dé láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Òun nìkan ni. Ó di rédíò kékeré kan sínú gèlè, ó gbé e lọ́wọ́. Bùràímọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un nílẹ̀ẹ́lẹ̀, níta, lójú títì. Màmá ní rédíò òun ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò wọnú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sí ìta, ó fi ojú sí títì, ó jókòó gbàgbà síbẹ̀.

Mọ́tò Ìfọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, wọ́n ń dẹwọ́ eré bí ìṣe wọn. Àwọn obìnrin tó wà nínú ẹ̀ yọrí, wọ́n kí i, wọ́n ní Màmá, kí lẹ wá ṣe ní Ìlobù láàárọ̀ yìí.

"Àna mi ló ń bá mi tún rédíò mi ṣe," Màmá ní, pẹ̀lú ohùn tó fi ń dárí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Bùràímọ̀ ni. Kò sẹ́lòmíì tí mo lè gbé e fún."

Ohun kan náà ló sọ fún mọ́tò tó tẹ̀ lé e, àti fún ọkùnrin tó gbé kẹ̀kẹ́, àti fún ìyàwó olórí ẹgbẹ́ aládùúrà tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ìyẹn dúró, ó wo Bùràímọ̀, ó wo Màmá, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Azeezat. Ó lọ.

Inú Bùràímọ̀ ò tíì rọ̀. Ó ń tú ìdè rédíò, ó bi í láìgbójú sókè pé ṣé ó mọ ẹni tó gbé sitẹbiláísà yẹn wá sí pálọ̀.

"Mo rí i. Ọmọ mi ni," Màmá ní. "Kí ni kí n ṣe fún un lójú àlejò? Kí n bọ́ ọ síhòòhò lọ́jọ́ ọdún?"

"Èmi lẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ síhòòhò, Màámi."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ń wo títì. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá jókòó."

Bùràímọ̀ ní ìyẹn ò tó. Ó sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, fún ìyá ìyàwó ẹ̀, pé bí wọ́n bá fẹ́ tún orúkọ òun ṣe, kí wọ́n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe é. Màmá ní òun ò ní ṣe ìyẹn láéláé, kó má retí ẹ̀. Bùràímọ̀ ṣí ẹ̀yìn rédíò. Kò rí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Wáyà pé, ìyẹ̀fun eruku lásán ló wà nínú ẹ̀. Bátìrì kan ló dojú kọ ẹ̀yìn, tuntun ni, ẹni tó fi í sí i bẹ́ẹ̀ sì fara balẹ̀ fi í sí i. Bùràímọ̀ yí bátìrì náà, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó pa á, ó wo obìnrin náà. Màmá ò wẹ̀yìn. Bùràímọ̀ mú ìdè kan, ó fẹ́ máa dè é.

"Má tíì dè é, Bàbá Azeezat," Màmá ní. "Àwọn tó lọ sí Òṣogbo ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀."

Bùràímọ̀ mú ìdè náà lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá tò ó sórí tábìlì pẹ̀lú àwọn yòókù, ó gbé rédíò tí ara ẹ̀ le síta níbi tí wọ́n á ti máa rí i láti inú mọ́tò, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.